Ọmọdé, Mọ́tò Asáré, àti Ìbéèrè Tí A Kò Dáhùn

Ó ní ọjọ́ kan tí kì í parẹ́ lọ́kàn ènìyàn bí ó ti wù kí ó dàgbà tó. Ẹlòmíràn kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ojú kan òkun; ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé ni. Ní ti àwa, àti ní ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ọjọ́ tí a kọ́kọ́ rí mọ́tò asáré ni. Kì í ṣe ojú títì ni a ti rí i. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìbàdàn ni ó wà, lórí kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ti kọjá, tí epo àti eruku ti ba etí rẹ̀ jẹ́. A kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Bàbá wa ti fi wá sílẹ̀ pé kí a tò sẹ́yìn àwọn àgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀ ṣáájú. A gbé ojú sókè, a sì rí i: mọ́tò pupa kan tí ó fẹ̀ tí ó sì pẹlẹbẹ, bí ẹni pé ó fẹ́ rá mọ́ ilẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì kò ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ti mọ́tò yòókù, ṣùgbọ́n tí wọ́n nà sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ tí ó fẹ́ fò. Ẹnu wa là sílẹ̀. Nígbà tí ó kàn wá láti jókòó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ yí orí wa padà, nítorí pé ojú wa kò kúrò lára ògiri.

"Bọ̀dá," ni a wí fún un, "ta ló ni mọ́tò yẹn?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Olówó ni. Ìwọ ṣáà kàwé rẹ dáadáa, kí o lè lówó lọ́wọ́, kí ìwọ náà lè ra irú rẹ̀."

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ìdáhùn burúkú ni. Ìdáhùn tí bàbá rere ń fún ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá ni a ti ń gbé e yẹ̀ wò, a sì ti rí i pé inú ìbéèrè wa àti inú ìdáhùn rẹ̀ ni àrùn kan tí ń ṣe orílẹ̀-èdè yìí fara pamọ́ sí. A bèèrè ẹni tí ó ni mọ́tò. A kò bèèrè ẹni tí ó ṣe é. Òun náà sọ bí a ti í rà á fún wa. Kò sí ẹnì kankan nínú ṣọ́ọ̀bù náà tí ó sọ bí a ti í ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá jù lọ ẹ̀yin olùkọ́ tí àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ yín, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ìbò wà lọ́wọ́ yín.

Ọdún púpọ̀ kọjá kí a tó mọ orúkọ mọ́tò náà àti ibi tí ó ti wá. Countach ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Lamborghini ní ilẹ̀ Ítálì ni ó ṣe é. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé níbi ìpàtẹ mọ́tò ní ìlú Geneva. Ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á, wọn kò sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di ọdún 1990. Ní gbogbo ìgbà náà, nǹkan bí 2,000 péré ni wọ́n ṣe. Iye yìí kò tó mọ́tò tí í kóra jọ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ní ọjọ́ tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá le. Síbẹ̀ àwòrán rẹ̀ dé yàrá àwọn ọmọdé káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí mọ́tò náà fúnra rẹ̀ kò ti lè rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìjìn sí kòtò.

Orúkọ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ní agbègbè Piedmont, níbi tí ìlú Turin wà, ọ̀rọ̀ ìyanu ni. Ohun tí ó ń bọ́ lẹ́nu ènìyàn nígbà tí ó bá rí ohun tí ó kọjá àfẹnusọ ni. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣe mọ́tò náà ni ó máa ń ké e, ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá mú igbe ẹnu rẹ̀, wọ́n fi sọ mọ́tò lórúkọ. Bí ó bá ṣe pé ọmọ Yorùbá ni òṣìṣẹ́ náà ni, bóyá "Ó-mà-ga-o" ni à bá máa pe mọ́tò náà títí di òní. Ohun tí ó ṣe wá lójú ògiri onígbàjámọ̀ ni ó ti kọ́kọ́ ṣe àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ẹnu tiwọn là, ọwọ́ wọn kò dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ṣe é. Ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ ni Marcello Gandini, ọmọ Turin, tí a bí ní 1938 tí ó sì kú ní 2024. Olórin ni bàbá rẹ̀, kì í ṣe oníṣẹ́ irin. Gandini kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà tí Countach jáde. Kì í sì í ṣe pé ó kàn fi gègé ṣeré. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, tí Paolo Stanzani jẹ́ aṣáájú wọn, fẹ́ kí ẹ́ńjìnì onísílíńdà 12 wà lẹ́yìn awakọ̀, kí ó sùn gbọọrọ ní òòró mọ́tò, kí jíà sì wà níwájú ẹ́ńjìnì náà, láàárín ìjókòó méjèèjì, kí ìwúwo gbogbo baà lè wà ní àárín, kí mọ́tò má baà ṣe bí ẹni tí ó ru ẹrù sí apá kan. Nítorí ìdí èyí ni ara mọ́tò náà ṣe rí bí ó ti rí. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ kò ju nǹkan bí 107 sẹ̀ńtímítà lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òrùlé rẹ̀ dọ́gba. Ilẹ̀kùn tí ń lọ sókè tí ó dà bí ìdán lójú wa ní ìdí tirẹ̀ pẹ̀lú. Mọ́tò náà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ì bá gba àyè púpọ̀ bí ó bá ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Awakọ̀ kò sì rí ẹ̀yìn dáadáa, débi pé àwọn mìíràn a máa gbé ilẹ̀kùn sókè, wọn a jókòó sí ojú ẹnu-ọ̀nà, wọn a yọ orí síta, kí wọ́n tó lè fi ẹ̀yìn rìn.

Ohun tí ó dà bí ìdán, ìṣirò ni. Bí ẹnì kan bá ti sọ gbólóhùn yìí fún wa lọ́mọ ọdún méje, à bá ti fẹ́ràn ìṣirò ju bí a ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ tún yani lẹ́nu ju èyí lọ. Ferruccio Lamborghini ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1916 ni a bí i, sínú ìdílé àgbẹ̀, ní abúlé Renazzo. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe oko wù ú ju oko fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, iṣẹ́ títún mọ́tò ṣe ni ó ń ṣe fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ ní erékùṣù Rhodes. Nígbà tí ogun parí tí ó padà dé ilé, ilẹ̀ Ítálì ti bàjẹ́, àwọn àgbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ, owó kò sì sí lọ́wọ́ wọn. Àjókù mọ́tò ogun ni ó wà káàkiri. Ọkùnrin yìí kó àjókù wọ̀nyí jọ, ó ń tú wọn, ó ń tún wọn tò, ó sì fi wọ́n ṣe katakata fún àwọn àgbẹ̀. Ní 1948 ó dá ilé-iṣẹ́ katakata sílẹ̀. Ní 1963 ó dá ti mọ́tò asáré sílẹ̀ ní Sant'Agata Bolognese. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ó ta ìpín tirẹ̀, ó padà sí oko, ó ń gbin èso àjàrà, ó ń ṣe wáìnì, títí ó fi kú ní 1993. Ilé-iṣẹ́ náà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá láti ìgbà náà. Láti 1998 ni ó ti wà lábẹ́ Audi ti ilẹ̀ Jámánì.

Ọmọ àgbẹ̀ ni, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa. Katakata ni ó sì kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí ó fi àjókù irin ṣe ẹ̀rọ oko ni ó padà ṣe mọ́tò tí ọmọdé gbogbo àgbáyé ń fi lá àlá. Nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa lọ́jọ́ náà, ó kéré tán, àgbà méjì nínú àwọn tí ó jókòó jẹ́ mẹkáníìkì, tí epo dúdú wà lábẹ́ èékánná wọn. Kò wá sí ọkàn wa pé àwọn ni wọ́n sún mọ́ mọ́tò inú àwòrán náà jù. Olówó ni wọ́n ní kí a máa wò. Àwọn tí ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, a kò wo ojú wọn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé ẹ̀bùn yìí kò sí lára àwọn ọmọ wa, kò dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ta ni nínú wa tí kò fi agolo sàdíìnì ṣe mọ́tò rí? A ó fi ìṣó lu agolo ní ihò mẹ́rin, a ó ki igi tín-ín-rín bọ̀ ọ́, a ó gé sílípáàsì tí ó ti já ní róbótó róbótó ṣe táyà, a ó sì so okùn mọ́ ọn níwájú. Àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ a máa fi wáyà ṣe sítíárìn tí ó gùn dé àyà, tí ó sì ń yí ẹsẹ̀ iwájú mọ́tò ní tòótọ́. Kò sí olùkọ́ kankan tí ó kọ́ wa. Ojú wa rí i, ọwọ́ wa sì ṣe é. A ti lè béèrè ìbéèrè tí ó tọ́ nígbà náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agolo ni a fi ń béèrè rẹ̀.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ilé-ìwé ni ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a wà ní ìwé kẹrin, ní ilé-ìwé kan tí a kò ní dárúkọ, a ya mọ́tò onílẹ̀kùn ìyẹ́ yẹn sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò wa. Olùkọ́ wa rí i, ó fa ojú ewé náà ya níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì fún wa ní ẹgba mẹ́fà. A kò bínú sí i mọ́. Ohun tí ó dùn wá ni ohun tí àwa fúnra wa ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Nígbà tí a lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí wọ́n rán wa lọ sí ilé-ìwé kan láti lọ fi iṣẹ́ náà dánra wò, a bá ọmọkùnrin kan tí ó ń ya mọ́tò nígbà tí a ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀-orúkọ. A gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fa ojú ewé náà ya. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kàn wò wá, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mò ń wá ibi tí ẹ́ńjìnì máa wà ni." Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dún létí wa. Ọmọ tí ń wá ibi tí ẹ́ńjìnì yóò wà ti ń ṣe iṣẹ́ tí Stanzani ṣe. Àwa ni a fi ọ̀rọ̀-orúkọ dá a lẹ́kun. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bá ẹ̀yin olùkọ́ sọ̀rọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ̀bi ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ó sì ní àwọn tí a kò rí dá lẹ́kun. Ẹ wo Jelani Aliyu, ọmọ Sókótó, tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé láti kékeré ni òun ti ń ya mọ́tò. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ní Birnin Kebbi, ó lọ kọ́ iṣẹ́ yíya mọ́tò ní Detroit ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ General Motors sì gbà á síṣẹ́. Òun wà lára àwọn tí wọ́n ya Chevrolet Volt, mọ́tò oníná mànàmáná tí wọ́n fi han aráyé ní 2007. Ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ pè é wá sílé láti wá ṣe olórí àjọ tí ń mójú tó ọ̀ràn ṣíṣe mọ́tò. Bákan náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí gbogbo ayé gbọ́ ìròhìn rẹ̀ ní 2014, mú ògbólógbòó mọ́tò Ìjàpá, ó yọ ẹ́ńjìnì rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ tí ń gba agbára oòrùn sí òrùlé rẹ̀, ó sì fi èyí tí ń gba agbára afẹ́fẹ́ sí iwájú rẹ̀. Kì í ṣe mọ́tò asáré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é ti kúrò ní ẹni tí ń bèèrè pé ta ló ni ín.

Ẹnì kan lè wí pé, ṣé a kò ti gbìyànjú rẹ̀ rí ni? Lóòótọ́, a gbìyànjú. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to mọ́tò pọ̀ ní ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó, tí Peugeot sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Leyland náà wà ní Ìbàdàn, ó ń to bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù. Inú wa dùn, a ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n títò ni a ń tò, a kò ṣe. Inú àpótí ni ẹ̀yà ara mọ́tò ń wà láti òkè òkun. Àwọn ti Volkswagen mìíràn tilẹ̀ ń ti ilẹ̀ Brazil wá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí kò sí owó ilẹ̀ òkèèrè tí a ó fi ra ohun inú àpótí mọ́, iṣẹ́ dúró, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì lọ sílé. Tòkunbọ̀ ni ó kún ojú títì láti ìgbà náà títí di òní. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń so nǹkan pọ̀ tí kò mọ bí a ti ń dá a, ọjọ́ tí olówó àpótí bá bínú ni iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ní ti ilé-ìwé pẹ̀lú, a gbìyànjú. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n ní kí gbogbo ọmọ tí ó bá wọ ilé-ìwé girama kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwé. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí títí ó fi dógùn-ún, nítorí pé kò sí yàrá tí wọ́n lè tò ó sí, kò sí iná mànàmáná, kò sì sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ìgbà méjì nìyẹn tí àpótí fi dójú tì wá: àpótí mọ́tò tí ó tán, àti àpótí ẹ̀rọ tí a kò ṣí.

Nígbà tí ìbéèrè àkọ́kọ́, èyí tí í ṣe "Ta ló ṣe é?", ti kú báyìí, ìbéèrè kejì ni ó kù sáyé: "Ta ló ni ín?" Ẹ sì wo bí a ti ń fi ìdáhùn rẹ̀ bọ́ àwọn ọmọ wa. Olórin ra mọ́tò asáré, àwòrán rẹ̀ dé orí fóònù gbogbo ọmọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Olóṣèlú dé sí ìlú pẹ̀lú mọ́tò mẹ́wàá tí ń dán, àwa àgbà sì tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, a ń ṣe sàdáńkátà. Ọmọ ogún ọdún tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó gbé mọ́tò wọ àdúgbò, ìyá rẹ̀ gbàdúrà fún un, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Nígbà tí ọlọ́pàá bá wá mú un fún jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó fi ọwọ́ lérí, a ó ní ayé ti bàjẹ́. Ayé kọ́. Ọmọ tí a kọ́ láti máa wo ẹni tí ó ni nǹkan, tí a kò sì kọ́ ní bí nǹkan ti ń di ṣíṣe, ẹ̀bùrú nìkan ni ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá. Wọn yóò ní, ilé-ìwé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí àwọn ọmọ ń jókòó sílẹ̀, kí ni ó kàn wọ́n pẹ̀lú mọ́tò asáré? A dá wọn lóhùn pé a kò ní kí ẹnikẹ́ni ra mọ́tò asáré. Mọ́tò tí òrùlé rẹ̀ kò ga ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ kò wúlò fún wa níhìn-ín. A kò sì fẹ́ràn eré àsápajúdé, tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ìyàwó di opó. Ohun tí a ń sọ ni pé ìyanu tí ó bá ọmọdé nígbà tí ó kọ́kọ́ rí ohun tí ó rẹwà, ohun iyebíye ni. Ọ̀fẹ́ ni, kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wá. Bí olùkọ́ bá wà nítòsí nígbà tí ó dé, ó lè sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ìṣirò, ti iná mànàmáná, ti irin. Bí kò bá sí ẹni tí ó gbà á, yóò di ojúkòkòrò.

Ohun tí a ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ fún kò pọ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán mọ́tò ní ẹ̀yìn ìwé ọmọ, ẹ má ya á. Ẹ bi ọmọ náà pé, níbo ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà? Kí ni ó ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀? Lẹ́ẹ̀kan ní sáà kan, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tàbí alágbẹ̀dẹ tí ó wà ní àdúgbò yín, kí wọ́n wo bí a ti ń tú ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pe ọkùnrin náà ní "sà" bí wọ́n ti ń pè yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin náà lọ. Ọwọ́ wọn kò kúrú. Ìran tí ó ń bọ Ògún, tí ó ka irin sí ohun ọ̀wọ̀, kò yẹ kí ó máa fi ojú ẹni ẹ̀yìn wo àwọn tí ń fi irin ṣiṣẹ́.

Ní ti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè máa ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ju 800,000 ọmọ lọ tí wọ́n wà ní kíláàsì ní ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sọ pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe, nítorí pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ abẹ́lé bèèrè fún un, wọ́n sì dúró tì í. Gbogbo wa ni a ṣì ń fi ọdún náà yangàn. Ṣùgbọ́n a kò lè máa jẹ iyì 1955 títí ayé. Àwọn àgbà ọjọ́ náà kọ́ ọmọ láti ka ìwé. Ó kù kí a kọ́ ọmọ tiwa láti ṣe nǹkan. Nígbà tí ẹni tí ń wá ìbò bá tún kó mọ́tò wá sí ìlú yín, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mọ́tò. Ẹ bi í pé: ilé-ìwé mélòó ní agbègbè yìí ni ó ní yàrá iṣẹ́ ọwọ́? Mélòó ni ó ní olùkọ́ tí ó mọ sípánà lò? Àpótí mélòó ni a kò tíì ṣí? Kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un jáde ní ọdún kẹrin.

Onígbàjámọ̀ wa kò ṣẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n sọ fún òun náà ni ó sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje mìíràn wà níbì kan lónìí tí ó ń wo mọ́tò pupa kan lórí ògiri tàbí lórí fóònù, tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Láìpẹ́ yóò yíjú sí àgbà tí ó bá wà nítòsí rẹ̀, yóò sì bèèrè ẹni tí ó ni ín. Kí àgbà náà dá a lóhùn pé: ọmọ àgbẹ̀ kan ni ó dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, katakata ni ó sì kọ́kọ́ ṣe, jókòó, jẹ́ kí n sọ fún ọ bí wọ́n ti ṣe é. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọjọ́ tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ bá wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa, ní kíláàsì wa àti ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ni a ó tó lè sọ pé ìwé tí a kà kò já sí asán.